Bí mo ṣe fi urushi kun àkọ̀ idà mi

Ara àkọ̀ idà tí mo fi ń kọ́ iaido, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fa idà yọ, ti ń họ. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń fi urushi ṣiṣẹ́ ní Kyoto, ìlú kan ní Japan, wọ́n sì gbà kí n fúnra mi kùn ún lójú wọn.

Oje igi ni urushi. Igi tó ti lo ọdún 10 sí 15 nínú ilẹ̀ kì í mú ju nǹkan bíi gíráàmù 200 wá, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò.

Mo dí ẹnu àkọ̀ náà pinpin, kí oje má baà wọ ibi tí irin ń gbé. Mo ha kíkùn àtijọ́ kúrò títí mo fi kan igi honoki, igi tó rọ̀ tí kì í ha idà lára. Mo fi urushi tútù rin ín, ó mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò. Mo wá po ìyẹ̀fun amọ̀ tonoko mọ́ omi àti urushi, mo fi rẹ́ ẹ, mo sì fi òkúta gbo ó títí ó fi tẹ́jú.

Gbígbẹ rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. A kì í sá urushi sóòrùn. Inú ọ̀rinrin ló ti ń le. Àpótí pákó la tì í mọ́, pẹ̀lú àkísà tútù, ìgbóná bíi 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin bíi ìdá 75 nínú 100. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ń kánjú, mo kun urushi dúdú ẹlẹ́ẹ̀kejì nípọn jù. Òkè rẹ̀ le, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, gbogbo rẹ̀ hunjọ bí awọ tó ń bo ojú ẹ̀kọ mímu. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi dúró kó tó ṣeé ha dànù. Ọrùn ọwọ́ mi náà ti wú níbi tí ìbọ̀wọ́ parí sí, ó ń yún mi bí ẹni tí wèrèpè fara kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ bo apá yín dé ìgbọ̀nwọ́.

Dúdú rẹ̀ wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọn ò da àwọ̀ kankan sí i: irin díẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ oje náà, òun fúnra rẹ̀ ló dú. Mo tún un kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń fi èédú àti omi dán an láàárín. Níparí, òróró díẹ̀ àti ìyẹ̀fun ìwo àgbọ̀nrín ni mo fi ìka ra sí i lára. Bàbá ò jẹ́ kí n lo aṣọ; wọ́n ní awọ ọwọ́ ló mọ ibi tí kò tíì dán.

Nígbà tó ṣe, mo rí iná àjà nínú rẹ̀ ketekete. N kò tíì fi idà bọ̀ ọ́. Ó máa wà lórí pẹpẹ fún oṣù kan sí i, torí urushi tuntun ṣì ń le nínú lọ́hùn-ún.