Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń dá olólùfẹ́ NBA lóhùn ní ìparí sáà

Nígbà tí sáà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìbéèrè àwọn olólùfẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, kì í le. Ta ló ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lánàá? Ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá? Ẹni tó bá ti wo eré lè dáhùn. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, tó ku eré mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé 82, ìbéèrè á yí ojú padà. Wọn kì í béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mọ́, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. "Ṣé a ṣì lè wọlé?" "Ta la máa pàdé?" "Kí ló dé tí wọ́n fi ọ̀gá wa jókòó?" Wíwọlé tí wọ́n ń sọ ni wíwọ playoff, ìdíje ife tó ń tẹ̀ lé sáà. Ibẹ̀ ni àwa tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀ràn eré ti máa ń ṣubú yakata.

Èmi náà ti ṣubú rí. Ẹnì kan bi mí lọ́dún kan bóyá ẹgbẹ́ òun ṣì ní ìrètí. Mo wo tábìlì fìrí, mo ní kó lọ sinmi, ó di sáà tó ń bọ̀. Mi ò wo bí àwọn àti ẹgbẹ́ tó wà lókè wọn ṣe ṣe síra wọn lọ́dún náà. Àwọn ni wọ́n borí nínú ìpàdé wọn, bí iye bá sì dọ́gba, àwọn ni yóò wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ṣì kù nígbà tí mo ti sin wọ́n. Ọkùnrin náà kò bú mi o, àmọ́ láti ìgbà yẹn, ẹlòmíì ló ń lọ bi ní ìbéèrè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ má ka ìborí nìkan

Olólùfẹ́ á ní, "45 la ti borí, 44 ni tiwọn, ọ̀kan péré la fi jù wọ́n lọ." Ẹni tó ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìpàdánù ńkọ́? Ká ní ẹgbẹ́ kìíní ti borí 45, ó ti pàdánù 31, ìkejì ti borí 44, ó ti pàdánù 34. Ìkíní ti gbá eré 76, ìkejì ti gbá 78. Ẹ yọ 44 kúrò nínú 45, ó ku 1. Ẹ yọ 31 kúrò nínú 34, ó ku 3. Ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, eré méjì ló wà láàárín wọn. Bí tábìlì NBA ṣe ń ka àlàfo nìyẹn. Nígbà tí sáà bá ti ń tán lọ, òpó ìpàdánù ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ bà lé. Eré tí a kò tíì gbá ṣì lè di ìborí, èyí tí a ti pàdánù ti lọ gbére.

Bí wọ́n bá wá béèrè pé ìgbà wo gan-an ni ọkàn àwọn máa balẹ̀, ẹ má fi "láìpẹ́" dá wọn lóhùn. Ẹ mú 83, ẹ yọ ìborí ẹni tó wà lókè, ẹ yọ ìpàdánù ẹni tó ń lé e. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, 83 yọ 45, yọ 34, ó ku 4. Ìborí mẹ́rin fún ẹni òkè, tàbí ìpàdánù mẹ́rin fún ẹni ìsàlẹ̀, tàbí méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, bó bá ṣáà ti pé mẹ́rin, ẹni ìsàlẹ̀ kò lè bá a mọ́. A fi 83 bẹ̀rẹ̀ dípò 82 nítorí pé a fẹ́ kó kọjá rẹ̀ ni, kì í ṣe kó bá a dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹni òkè bá ti borí nínú ìpàdé àwọn méjèèjì, mẹ́ta ti tó o.

Bí iye bá dọ́gba

Àṣìṣe tó pọ̀ jù wà níbí, tèmi náà sì wà nínú rẹ̀. NBA kì í ṣe eré àfikún láti ya àwọn tó dọ́gba sọ́tọ̀, ìwé òfin ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn bíi pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, wọ́n á ní ká wo àlàfo ayò. Àlàfo ayò wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ méjì ló dọ́gba, ohun àkọ́kọ́ ni ẹni tó borí nínú ìpàdé wọn. Bí ìyẹn náà bá dọ́gba, ẹgbẹ́ tó gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí ẹlẹ́gbẹ́ márùn-ún tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní division, ni yóò wà lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo bí wọ́n ṣe ṣe nínú ìsọ̀rí ọ̀hún bí inú kan náà ni wọ́n wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe sí gbogbo ẹgbẹ́ ìhà tiwọn, Ìlà-oòrùn tàbí Ìwọ̀-oòrùn.

Bí wọ́n bá di mẹ́ta, ètò náà yí padà. Ẹni tó jẹ́ olórí division ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wá ka ìpàdé láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Ẹgbẹ́ A lè ti na ẹgbẹ́ B nígbà mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí B sì tún wà lókè rẹ̀ nígbà tí C bá dá sí i. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá béèrè pé "ṣebí àwa la nà wọ́n?", ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kẹta wà ńbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Kí olólùfẹ́ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyí, ẹ rán an létí ìhà Ìwọ̀-oòrùn ní 2024. Oklahoma City Thunder àti Denver Nuggets jọ parí sí 57 sí 25. Thunder ló gba ipò kìíní nítorí ìpàdé àwọn méjèèjì. Báwo ni Denver ṣe dé ibẹ̀? Nígbà tó ku eré méjì kí sáà parí, wọ́n lọ bá San Antonio Spurs, ẹgbẹ́ tó fi ìborí 22 péré parí sáà, tí ìrètí rẹ̀ sì ti pin tipẹ́. Spurs fi 121 sí 120 nà wọ́n. Ẹni tó bá ti sọ fún olólùfẹ́ Denver láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé "ti Spurs kò le, ẹ lọ máa sùn" á ti mọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ fà.

Bí ẹnì kan bá sì béèrè kí ni wọ́n ń fi eré oṣù kọkànlá ṣe, ẹ sọ ìtàn April 11, 2018 fún un. Minnesota Timberwolves àti Denver jọ ní 46 sí 35, wọ́n sì pàdé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà, ẹni tó bá borí ló wọlé. Àsìkò tán, wọ́n dọ́gba, wọ́n fi àkókò kún un. Minnesota borí, 112 sí 106, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé playoff láti 2004. Eré kan ṣoṣo tí Denver bá ti bọ́ sọnù láìnídìí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọn ò rí lò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Play-in kì í ṣe playoff

Play-in ni àwọn eré tí wọ́n fi ń du ipò tó kẹ́yìn nínú playoff. Láti 2021 tí ètò yìí ti dúró bó ṣe wà yìí, ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ pé ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kẹwàá "ti wọ playoff." Kò tíì wọ ibì kankan. Ipò kìíní dé ìkẹfà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ló wọlé tààrà. Ìkeje àti ìkẹjọ á pàdé, ẹni tó borí di ìkeje. Ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá á pàdé, ẹni tó pàdánù lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó pàdánù nínú eré àkọ́kọ́ á gba àlejò ẹni tó borí nínú ìkejì, wọ́n á fi ipò kẹjọ du ara wọn. Ohun tó máa ń bọ́ lójú èèyàn ni pé ìkeje àti ìkẹjọ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mejì, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án wá ga ju bí nọ́ńbà ṣe fi hàn lọ. Àmì tí òṣèré bá sì gbà nínú play-in, wọn kì í kà á mọ́ ti sáà, wọn kì í sì í kà á mọ́ ti playoff.

Ẹ má sì sọ fún wọn pé ẹni tó gba play-in kọjá kò lè dé ibì kankan. Ní 2023, Miami Heat pàdánù eré àkọ́kọ́ wọn sọ́wọ́ Atlanta, wọ́n nà Chicago kí wọ́n tó rí ipò kẹjọ gbà. Wọ́n wá fi 4 sí 1 lé Milwaukee Bucks dànù, ẹgbẹ́ tó borí jù lọ nínú gbogbo NBA lọ́dún náà, wọ́n sì rìn dé àṣekágbá kí Denver tó dá wọn dúró. Ìtàn irú èyí ti pẹ́. Hakeem Olajuwon àti Houston Rockets wọlé ní ipò kẹfà ní 1995, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mẹ́rin kọjá, tí kò sí èyí tó borí dín ní 57 nínú wọn, wọ́n sì gba ife. Ní òdìkejì, Golden State Warriors borí 73 ní 2016, síbẹ̀ ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí olólùfẹ́ bá ní ká fi ipò tábìlì sọ ẹni tí yóò gba ife, ìtàn mẹ́ta yìí ti tó láti mú un ṣe sùúrù.

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó gbá?"

Ìdáhùn ọ̀lẹ méjì ló wà fún èyí: "ó fara pa" àti "wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù." Ẹ má fi ẹnikẹ́ni jẹ dókítà. Ohun tí ẹgbẹ́ bá kọ sínú ìwé ìròyìn ìlera rẹ̀ ni ká sọ, ká sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ "questionable" síwájú orúkọ rẹ̀ lè gbá, ó lè má gbá, kò sí àṣírí kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ti mímọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni ká fara balẹ̀ lé lórí, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ kì í sábà hàn lórí tábìlì. Ẹ wo Dallas Mavericks ní April 2023. Ìrètí play-in ṣì wà fún wọn díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Chicago wá bá wọn, Kyrie Irving kò jáde, Luka Doncic kò sì gbá ju nǹkan bí ìdámẹ́rin eré náà lọ. Wọ́n pàdánù, ó parí. Olólùfẹ́ ń béèrè bóyá kóòṣì ya wèrè ni. Ìdáhùn wà nínú àdéhùn kan: ẹ̀tọ́ Dallas láti mú ọmọ tuntun nínú draft ọdún náà ti lọ sọ́dọ̀ New York, àyàfi bó bá bọ́ sáàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe pàdánù ni ẹ̀tọ́ náà ṣe dúró sọ́wọ́ wọn. NBA bu owó ìtanràn dọ́là 750,000 lé wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa àdéhùn yẹn á kàn máa sọ̀rọ̀ ìwà ọ̀lẹ ni.

Lọ́tìrì draft, èyí tó ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun, náà ń kó ọ̀rọ̀ báni. "Ẹ jẹ́ ká kẹ́yìn, ká lè mú ọmọ tó dára jù." Rárá. Láti 2019, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn láti gba ipò kìíní. Utah Jazz ló kẹ́yìn gbogbo wọn ní 2025, ipò karùn-ún ni wọ́n bá ara wọn. Dallas tí àǹfààní rẹ̀ kò ju ìdá 1.8 lọ ló gba ipò kìíní, tó sì mú Cooper Flagg. Ẹ sì máa yẹ òfin yìí wò lọ́dọọdún, wọ́n ti tún un ṣe rí.

Àwọn kéékèèké tó ń ba ìdáhùn jẹ́

Láti sáà 2023-24, òṣèré gbọ́dọ̀ gbá eré 65 kí wọ́n tó lè dìbò MVP, àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ nínú sáà, fún un, eré tí kò bá sì lò tó ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ kì í sábà wọ inú òǹkà. Joel Embiid tó gba àmì ẹ̀yẹ náà ní 2023 gbá 39 péré lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó lè dìbò fún un mọ́, bó ti wù kó gbóná tó. Ìbò náà sì ti máa ń parí kí playoff tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì tí òṣèré gbà ní oṣù karùn-ún bá yín jà lórí MVP.

"Wọ́n ti lé lágbájá, ẹ jẹ́ ká mú un." Ẹ lè mú un o. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn March 1 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tú u sílẹ̀, kò lè gbá playoff fún yín. Ẹni tó wà lórí àdéhùn two-way, èyí tó ń jẹ́ kó máa lọ bọ̀ láàárín NBA àti líìgì kékeré rẹ̀, náà kò lè gbá a, àfi bí wọ́n bá sọ àdéhùn rẹ̀ di àdéhùn NBA gidi.

Bí òǹkà eré olólùfẹ́ bá gbé 83 jáde dípò 82, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àṣekágbá NBA Cup, ìdíje tí wọ́n ń ṣe láàárín sáà, ló kà mọ́ ọn, èyí tí wọn kì í kà mọ́ sáà.

Ẹ má sì fi ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jábọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Irú wọn ló máa ń béèrè ìbéèrè tó gún régé jù nípa draft àti owó oṣù òṣèré, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fẹ́ wò.

Alẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbá eré wọ̀nyí, ilẹ̀ ti mọ́ níbòmíràn kí àwọn ti ìhà Ìwọ̀-oòrùn tó parí tiwọn. Ìdáhùn tó tọ̀nà ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè ti di irọ́ kí ẹni tó béèrè tó jí. Èmi máa ń kọ ọjọ́ àti iye eré tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi báyìí: "Lẹ́yìn eré 78 tiyín àti 77 tiwọn." Ẹni tó bá kà á lọ́la á mọ ibi tí mo dúró sí nígbà tí mo sọ ọ́.