Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran ogúnléndé àdúgbò yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá a ka lẹ́tà rẹ̀

Sátidé àkọ́kọ́ tí a ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Southwark fún àwọn ogúnléndé tí ìjọba kó sí hòtẹ́ẹ̀lì àdúgbò, aṣọ ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Bàtà gogoro wà níbẹ̀, kóòtù ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ kó léèsì aṣọ ẹbí wá tòun ti gèlè. Ọmọkùnrin mọ́kànlá ló wá, láti Sudan, Eritrea àti Afghanistan. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí gèlè ṣe máa bá wọn mu. Ìgbà tí mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an, wọ́n ní pátá tuntun, owó bọ́ọ̀sì, dátà, àti ẹni tó máa bá wọn ka lẹ́tà.

Ẹni tó ń ka lẹ́tà yẹn ni mo dà láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe jẹun, mi ò kàwé òfin. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, tẹ́ ẹ ń rí àwọn èèyàn wọ̀nyí lójú pópó, tẹ́ ẹ sì ń rò ó pé kí lẹ lè ṣe.

Àṣìṣe tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọ Afghanistan kan fi fóònù sọ fún mi pé lẹ́tà dé. Mo ní, "Ọmọ mi, kó gbogbo ẹ̀ jọ, gbé e wá ní Sátidé." Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Ó tú lẹ́tà mẹ́fà jáde nínú ọ̀rá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò tíì ṣí rárá. Márùn-ún jẹ́ ti dókítà eyín àti ti káàdì owó. Ẹkẹfà wá láti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbélùú: wọn ò gba ẹjọ́ rẹ̀. Mo wo déètì tó wà lórí ìwé náà, mo fi ìka ka ọjọ́ lórí tábìlì. Ọjọ́ 9 ti lọ. Ọjọ́ 14 péré sì ni wọ́n ń fún ẹni tó wà nílẹ̀ yìí láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọ náà ń wojú mi, kò sì sí ọ́fíìsì lọ́yà tó ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ajé ni lọ́yà tí ìjọba ń sanwó fún lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó gbà wá wọlé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Ó ku ọjọ́ méjì.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà kì í dúró de Sátidé mọ́. Ọjọ́ tó bá dé ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tojú tẹ̀yìn. Mo máa ń wá nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: ta ló kọ ọ́, déètì wo ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n dá. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn gàdàgbà sára àpòòwé rẹ̀ pẹ̀lú bíírò pupa, àwa méjèèjì á sì fi í sínú fóònù wa. Ẹ ra fáìlì fún oníkálukú. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra nínú ọ̀rá máa ń sọnù, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Láti òfin ọdún 1999 ló ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ yìí pé kí ẹni tí kò gba àṣẹ máa gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ì báà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kíka lẹ́tà, wíwá lọ́yà, bíbá èèyàn wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, ìwọ̀nyẹn ò lẹ́bi. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ní "tó o bá débẹ̀, sọ fún wọn pé…", ẹ ti kọjá ààlà. Orúkọ àwọn agbaninímọ̀ràn tó gba àṣẹ, tí wọn kì í ṣe lọ́yà, wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní OISC títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ lọ wo orúkọ agbaninímọ̀ràn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kẹ́ ẹ tó fi ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé kò sí àdúgbò tí àwa Yorùbá ò ti ní bùrọ̀dá kan tó "mọ̀ ọ́n ṣe". Ọwọ́ irú bùrọ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ dókítà rọrùn tó bá jẹ́ pé ẹ ní sùúrù. Ní England, GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ò gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn ò ní ìwé ìdánimọ̀ tàbí ẹ̀rí ibi tó ń gbé kọ̀ láti gbà á. NHS fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síta. Síbẹ̀, ẹni tó wà nídìí káńtà á ní kí wọ́n lọ mú bíìlì iná wá. Ta ni hòtẹ́ẹ̀lì ń fún ní bíìlì iná? Mi ò kì í jà. Mo máa ń gbé ìwé NHS yẹn ka orí káńtà, mo máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi máníjà yín," màá sì lọ jókòó. Ìjókòó yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó nílò ògbufọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ fún dókítà. Ẹ bi í bóyá ìwé HC2 ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú eyín àti ojú láìsanwó.

Owó ńkọ́? Bó ṣe rí lọ́dún 2025 nìyí. Ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ohun tó ń wọ káàdì rẹ̀ lọ́sẹ̀ kò pé pọ́n-ùn 10. Bọ́ọ̀sì London jẹ́ pọ́n-ùn 1.75. Ẹni tó bá lọ rí lọ́yà tó sì bọ̀ ti ná pọ́n-ùn 3.50, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, wọ́n dẹ́kun kíkó aṣọ wá. Pọ́n-ùn 2 ni oníkálukú ń dá lọ́sẹ̀ báyìí, káàdì Oyster là ń fi í kún.

Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ olówó. Tí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀ ju oṣù 12 lọ, tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn, wọ́n lè tọrọ àyè, ìyẹn náà fún iṣẹ́ tí ìjọba kọ sínú ìwé nìkan. Arákùnrin kan lọ́dọ̀ wa tó ní ilé oúnjẹ fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa bá òun fọ abọ́, "kó ṣáà rí nǹkan dì mú". Inú ire ló fi sọ ọ́. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ìtanràn orí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè tó 45,000 pọ́n-ùn, ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ nìyẹn o, ẹjọ́ ọmọ yẹn náà sì lè dà rú." Ó pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláàánú ni òfin gbà. Ọmọ náà ń to aṣọ ní ìsọ̀ wọn báyìí, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti ń já gaara.

Ẹ má béèrè ohun tó lé wọn nílé. Wọ́n ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sọ fún Home Office, wọ́n sọ fún lọ́yà. Tamale ni bàbá mi ti ń ta aṣọ. Ní November 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí wọ́n ṣe padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Títí bàbá mi fi kú, ẹni tó bá bi í nípa Tamale, á ní, "Ọjà ibẹ̀ dáa," á sì béèrè omi. (Àwa náà ṣe é fún àwọn ará Ghana ní January 1983. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ mọ orúkọ tá à ń pè é.) Ẹ fi fóònù yín sápò pẹ̀lú. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn fídíò jù. Fọ́tò tó bá ti dé WhatsApp lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí èèyàn ń sá fún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ẹ dáná. Mo se ráìsì fáwọn àlejò lọ́jọ́ kan, mo se àmàlà àti ọ̀rúnlá fún àwa òṣìṣẹ́. Ọmọ Sudan kan rọra yọjú sí ilé ìdáná, ó fa òórùn símú, ó ní, "Weika!" Ilá gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni weika lọ́dọ̀ wọn, òkèlè tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ sì ń jẹ́ asida. Ó gé àmàlà mi bí ọmọ Ìbàdàn. Kò sí ibi ìdáná fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àwọn ló ń sè fún wa ní Sátidé kejì oṣù.

Ọmọ Sudan yìí gba ìwé. A jó, a yọ̀. Àṣé ọjọ́ ayọ̀ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ti gba ìwé gbọ́dọ̀ kó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ 28 ló jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ìjọba máa ń yí i padà, èyí tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, sì ń tó ọ̀sẹ̀ 5 kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìwé bá dé gan-an, ẹ bá a ṣí eVisa, ìyẹn ìwé ìgbélùú orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bá a kọ Universal Credit, kó sì béèrè owó àsansílẹ̀, àmọ́ kó mọ̀ pé wọ́n máa yọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí káńsù ní kíá. Òfin England ní kí káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í ran ẹni tó máa di aláìnílé láàárín ọjọ́ 56 lọ́wọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹrù rẹ̀ bá wà níta. Yàrá kékeré tí ọmọ díákónì wa fi sílẹ̀ lọ yunifásítì ni ọmọ Sudan wa sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbà tí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì, ẹ lọ bá MP, aṣojú àdúgbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tó ń gbé àdúgbò rẹ̀ lè lọ bá a, ì báà máà lè dìbò. Kí ẹni tọ́rọ̀ kàn fọwọ́ sí ìwé pé ẹ lè sọ̀rọ̀ fún òun. Lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan: nọ́ńbà ẹjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú déètì, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń béèrè. Mo ti rí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ogun tó dé orí Sáàmù. Kò sẹ́ni tó kà á.

Àwọn ọmọ Sudan àti Afghanistan ò lè dìbò níbí. Àwa ọmọ Nàìjíríà tá a níwèé ìgbélùú lè dìbò, torí ọmọ Commonwealth ni wá, àní ìbò yan MP pàápàá. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín tó láti fi hàn ní ibùdó ìbò. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìbò. Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ lẹ́tà sí MP, ẹ kọ àdírẹ́sì yín sí òkè rẹ̀, kó lè rí i pé àdúgbò òun lẹ ń gbé.