Òkè Tó Wó Sínú Ara Rẹ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí N Tó Rí I Ṣe

₦22,000 ni mo kà sọ́wọ́ bùrọ̀dá kan tó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ nǹkan ní Ìkòròdú níbí, pé kó bá mi ṣe àwòṣe kàlìdẹ́rà, ìyẹn kòtò ńlá tó máa ń ṣẹ́kù tí òkè ayọnáyèéfín bá wó sínú ara rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wò ó dáadáa, kò ní ṣóńṣó o. Àárín rẹ̀ ló jìn." Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òkè ṣóńṣó ló gbé dé, ó kun ẹnu rẹ̀ ní pupa. "Ẹ má bínú, tíṣà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ó dùn mí dọ́kàn, torí àṣìṣe tí mo fẹ́ mú kúrò lórí àwọn ọmọ gan-an ló tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n rò pé ìbúgbàù ló gbẹ́ kòtò ńlá yẹn. Rárá o. Òkúta yíyọ́ tó wà lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín ló tú jáde lọ́pọ̀ yanturu, ìsàlẹ̀ ṣófo, òkè kò rí ohun tó máa gbé e ró mọ́, ló bá wó wọlé. Bí Òkè Mazama ní Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe wó nìyẹn ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn. Òjò àti yìnyín ló kún ojú ibẹ̀ tó fi di adágún Crater Lake, tó jìn tó mítà 594. Àwọn Klamath tó ni ilẹ̀ náà ní Llao, alágbára ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ló bá Skell ti òkè ọ̀run jà, tí òkè fi wó lé Llao lórí. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn, torí wíwó ni àwọn náà ní òkè wó.

Mo bá ní màá ṣe é fúnra mi. Ẹ ri bàlúùnù mọ́ inú yanrìn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ gba họ́ọ̀sì jáde. Ìyẹn ò le.

Yanrìn ló dá mi lóró. Èyí tí wọ́n wà létí ọ̀sà ni mo kọ́kọ́ lò, ó ṣì tutù. Bàlúùnù rọ tán, yanrìn dúró gbagidi lórí òfìfo bí òrùlé. Omi tó wà láàárín rẹ̀ ló dì í mú. Mo sá a. Òjò pa á. Mo tún un sá fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gbẹ wàyí, ó kàn ń ṣàn wọlé bí gààrí tó ń dà nínú àpò tó lu, kò sí ìlà kankan létí rẹ̀. Kàlìdẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ máa ń sán yí ká bí òrùka ni, kí àárín tó já. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì ẹ̀yìn ilé wa ló gbà mí. Wọ́n fún mi ní fúláwà tí kòkòrò ti wọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí yanrìn gbígbẹ náà, ó nípọn tó ìka méjì. Mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì, mò ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ìlà kan yọ lápá òsì, tín-ín-rín bí irun. Ó ká kọrọdọ, ó pàdé ara rẹ̀. Àárín bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ọmọ kan pariwo, "Mà, ó ti wọlé!" Orí mi wú.

Ìgbà náà ni kàlìdẹ́rà Ngorongoro ní Tanzania tó yé wọn, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 19, tí kìnnìún ń gbé inú rẹ̀. Mo sì sọ ti Ririwai ní ìpínlẹ̀ Kánò fún wọn: kàlìdẹ́rà àtayébáyé tí òjò ti jẹ orí rẹ̀ lọ, tó ku òkúta tó yípo bí òrùka.

Ẹ má sanwó tán fún oníṣẹ́ kí ẹ tó rí ìlàjì iṣẹ́. Ẹ má sì tú atẹ́gùn yẹn lójijì, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Gbogbo èyí tí mo ṣe fúnra mi kò ju ₦3,400 lọ. Òkè ṣóńṣó yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé mi, mi ò sì tíì rí owó mi gbà.