Gradius: wọ́n pa mí lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò lè gbérí mọ́

Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Gradius, géèmù ọkọ̀ òfurufú tí Konami gbé jáde ní Japan lọ́dún 1985, ó sì ti sú u débi pé ó fẹ́ pa á tì. Ó to ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo wá kó gbogbo ẹ̀ síbí torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń gbá stage 1 àti 2 dáadáa o, màá ti ní Missile, màá ti ní Laser, Option méjì, àwọn nǹkan kéékèèké tó ń bá mi yìnbọn, á ti wà lẹ́yìn mi, àmọ́ tí mo bá ti dé stage 3 níbi àwọn orí òkúta yẹn tí wọ́n bá fi lè pa mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán nìyẹn, màá kàn máa kú ṣáá títí ẹ̀mí tó kù á fi tán. Ṣé géèmù yìí bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Vic Viper, ọkọ̀ tó ò ń wà yẹn, ọta kan ṣoṣo ló ń pa á, tó o bá sì ti kú, gbogbo ohun tó o kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló bá a lọ, wọ́n á dá ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú ìbọn kékeré kan àti ọkọ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín, ní ibi tó jẹ́ pé ẹni tó gbé Laser àti Option lọ́wọ́ gan-an ń làágùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe àwọn èèyàn débi pé wọ́n fún un lórúkọ, Gradius syndrome.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ tìẹ ni pé ọwọ́ kíkún nìkan lo ti ń gbá stage 3, o ò tíì fìgbà kan jókòó kọ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Nítorí náà, kọ́ ọ. Tí wọ́n bá dá ẹ padà, má sáré lé ẹnikẹ́ni, wá kápúsù pupa àkọ́kọ́ tó o bá rí, fi mú Speed Up tó ń mú ọkọ̀ yára lójú ẹsẹ̀, torí láìsí ìyẹn o ò lè yẹra fún nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn má fọwọ́ kan bọ́tìnì tó o fi ń mú agbára mọ́ títí wàá fi kó kápúsù márùn-ún, kí iná ìsàlẹ̀ síkirínì, tí kápúsù kọ̀ọ̀kan ń sún síwájú, rìn kọjá Speed Up, Missile, Double àti Laser, kó dé orí Option. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó yá mú Missile, mo mọ̀, àmọ́ Option kan dà bí ìgbà tí ìbọn ẹ di méjì, wọn ò sì lè pa á. Kápúsù yẹn náà kì í ṣe oríire o. Tó o bá pa gbogbo àwọn tó ń tò tẹ̀léra wọn láìku ẹyọ kan, ó ń jáde, tó o bá pa àwọn tó jẹ́ pupa, ó ń jáde, ibi tí wọ́n sì ti yọ lánàá náà ni wọ́n á ti yọ lónìí. Kọ ọ́ sínú ìwé tó bá yẹ.

Àwọn orí òkúta yẹn wá ńkọ́, Moai ni wọ́n ń pè é. Ẹnu wọn ni kó o máa wò, kì í ṣe gbogbo orí. Ìgbà tí wọ́n bá yanu láti pọ òrùka sí ẹ nìkan ni ọta máa ń ràn wọ́n, tí ẹnu bá ti pa dé ńṣe lò ń fi ọta ṣòfò.

Ìbéèrè: Speed Up tí ẹ sọ yẹn, mo máa ń mú un bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọkọ̀ náà á wá máa kọlu àpáta.

Ìdáhùn: Ó ti pọ̀ jù! Méjì ti tó. Kò sí bó o ṣe fẹ́ dín in kù àfi kó o kú.

Ìbéèrè: Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, mo mọ̀ pé mo tẹ pádì lásìkò, ọkọ̀ náà á ṣì pẹ́ kó tó yí. Ó ń ya mí ní wèrè.

Ìdáhùn: Tẹlifíṣọ̀n ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsìnyí máa ń tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá ni ṣùgbọ́n nínú irú géèmù yìí ó ti pọ̀ jù. Wọ inú settings, wá Game Mode, tàn án. Tí pádì ẹ bá jẹ́ aláìnílò wáyà, fi wáyà sí i kó o wò ó. Odindi oṣù kan ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ló ń pẹ́, ọjọ́ tí mo tan Game Mode ni mo kọjá òkè oníná tó wà ní ìparí stage 1 láìkú, inú bí mi gan-an nítorí gbogbo àkókò tó ti lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kóòdù kan wà tó ń fún èèyàn ní ọ̀pọ̀ agbára lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kò burú kí n lò ó?

Ìdáhùn: Kò burú o jàre. Kazuhisa Hashimoto tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, lọ́dún 1986 ló fi síbẹ̀, torí géèmù náà le jù fún òun fúnra ẹ̀ nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò. Tẹ páùsì, wá tẹ òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A. Àwa tá a gbá Contra, géèmù Konami míì tí kóòdù yìí wà nínú ẹ̀, lórí TV game mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ má dán an wò bẹ́ẹ̀ nínú Gradius III ti Super Nintendo o, ńṣe ni ọkọ̀ ẹ á bú gbàù. Ẹ̀dà 1985 tó ń lo owó ẹyọ kò ní kóòdù yìí rárá.

Èmi ò fẹ́ kó o fi kọjá stage 3 ṣá. Lo save dípò ẹ̀, èyí tó wà nínú àkójọ tí wọ́n fi ń tà á báyìí. Fi pamọ́ síbi tí wọ́n máa ń dá ẹ padà sí gan-an, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kó o máa gbá ibẹ̀ nìkan ṣáá. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn: gbogbo ìgbà tó o bá kú, bi ara ẹ pé ibo lo wà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú ọta yẹn, torí ibẹ̀ lo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí wá ló dùn níbẹ̀ gan-an tí ẹ ò fi jáwọ́?

Ìdáhùn: Option yẹn ni. Tó o bá ń lọ ó ń tẹ̀ lé ẹ, ipa ọ̀nà tó o gbà gẹ́lẹ́ ló ń gbà, tó o bá dúró òun náà á dúró síbi tó wà. Ó túmọ̀ sí pé tó o bá gòkè díẹ̀, tó o wá sọ̀ kalẹ̀, tó o dúró, Option kan á wà lókè ẹ, ìkejì á wà láàárín, ìwọ nísàlẹ̀, gbogbo yín á wá máa yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ìgbà tí onílù mẹ́ta bá lu ìlù wọn pọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ọwọ́ mi ló rí i lóru ọjọ́ kan níwájú Big Core, ọkọ̀ ọ̀gá ọ̀tá tó máa ń dúró ní ìparí stage, mo to Option sókè mo sì dúró sísàlẹ̀ kí àwọn laser mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yìn máa kọjá lórí mi, Option ń fọ́ ìdènà tó wà níwájú ọkàn ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mi ò rí irú ẹ̀ nínú àwọn géèmù tó máa ń dárí jini ní gbogbo ìgbà.

Stage méje ló wà. Ọpọlọ ńlá kan ló ń dúró dè ẹ́ lópin, kì í yìnbọn rárá, á kàn dúró síbẹ̀ máa wò ẹ́. Lọ́jọ́ tó o bá dé iwájú ẹ̀, pè mí, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru.