Tí platelet ọmọ bá kéré látọjọ́ tí wọ́n ti bí i

Platelet ni èròjà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ kọ́kọ́ wo awọ ara ọmọ. Àmì pupa wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, tẹ́ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ tí ò parẹ́, ẹ fura sí i. Lára ọmọ tó dúdú ó máa ń pamọ́ o, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ẹnu ẹ̀ dáadáa. Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá náà ńkọ́, àbí ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ò tètè dá.

Dókítà á ní kẹ́ẹ lọ ṣe FBC, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka èròjà inú ẹ̀jẹ̀. Ti platelet, 150 sí 450 ló yẹ kẹ́ẹ rí lórí ìwé, ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń sọ o. Tó bá kéré, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, torí kẹ́míkà inú ìgò olómorí pọ́pù tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí yẹn máa ń mú kí platelet ẹlòmíì lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ ò wá ní kà á. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun jòjòló, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá infection ni àbí antibody (èròjà tí ara fi ń bá ohun àjèjì jà) tó wá látara ìyá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ti lágídí rèé: kí èèyàn fojú ara ẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ yẹn lábẹ́ maikirosíkóòpù. Oríṣi àìsàn platelet tí wọ́n ń bí mọ́ni ni Bernard-Soulier, MYH9 àti Wiskott-Aldrich. Platelet ti Bernard-Soulier àti ti MYH9 máa ń tóbi débi pé ẹ̀rọ lè fo ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, nọ́ńbà á wá kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ti Wiskott-Aldrich ní tiẹ̀ tín-ín-rín ni, ọmọkùnrin ló sábà ń ní in, awọ ara ẹ̀ á máa yún un, àìsàn ò sì ní jẹ́ ó gbádùn.

Torí pé wọ́n ò wò ó, ITP ni wọ́n máa ń pè é, ìyẹn àìsàn tí ara fúnra ẹ̀ ti ń ba platelet jẹ́, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní sitẹ́rọ́ìdì, wọ́n tiẹ̀ ti yọ spleen (ẹ̀yà ara kan nínú ikùn) ẹlòmíì lásán. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé platelet ọmọ yìí pé rí? Ẹ wá gbogbo ìwé lábù àtijọ́ jáde, kí bàbá àti ìyá náà lọ ṣe tiwọn. Bàbá tó ń sọ pé "etí mi kàn wúwo ni" láti kékeré, ó lè jẹ́ MYH9 ló wà lára òun náà, torí ó lè ba etí jẹ́. Àyẹ̀wò gene, ìyẹn ohun tí ọmọ jogún lára òbí, ló máa wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ẹ dá dídábẹ́ ọjọ́ kẹjọ àti etí lílu dúró ná títí dókítà á fi fọwọ́ sí i, màmá àgbà á bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Kò sí aspirin, kò sí ibuprofen, Alábùkún náà aspirin ni o! Paracetamol ni kẹ́ẹ lò. Tí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹ tẹ ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má fọwọ́ ra á. Tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró, máa ń ran ẹ̀jẹ̀ imú, eyín yíyọ àti nǹkan oṣù lọ́wọ́, dókítà ló máa kọ ọ́. Ẹ má kàn máa gba platelet sára torí nọ́ńbà, àfi tẹ́jẹ̀ bá ń dà àbí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, torí ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Wiskott-Aldrich tó bá le, bone marrow transplant (pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun) ló sábà máa ń wò ó.

Tó bá ṣubú forí gbálẹ̀, tó wá ń bì tàbí tó ń sùn ní àsùnjù, ẹ má dúró de lábù kankan, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ẹ sì ti sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé platelet ẹ̀ ò pọ̀.