Bí A Ṣe Ń Wé Kọ́ílì Tí Kì Í Fi Agbára Ṣòfò fún Áńtẹ́nà Ọ̀pá Fẹ́ráìtì

Láti Mainflingen, nítòsí Frankfurt ní Jámánì, ni ilé-iṣẹ́ DCF77 ti ń fi àkókò ránṣẹ́ lórí ìgbì gígùn 77.5 kHz, tí àwọn aago tí ń fúnra wọn tún àkókò ṣe sì ń gbà á nípasẹ̀ kọ́ílì kékeré, ìyẹn wáyà tí a wé yípo, tó wà lára ọ̀pá fẹ́ráìtì (ohun líle bíi sẹ̀rámíìkì tí a fi èròjà irin ṣe). Ohun tí irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ ń rí gbà kéré púpọ̀, nítorí náà ìdènà inú wáyà ni kí ẹni tó fẹ́ wé e kọ́kọ́ gbógun tì.

Ẹ wá ọ̀pá fẹ́ráìtì oní-manganese àti zinc, èyí tí a ṣe fún ìgbì gígùn. Bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe gbà tó.

Wáyà ló gba ìrònú jù. Iná tí ń yára yí padà kì í gba àárín bàbà kọjá, ìta ara rẹ̀ ló ń tọ̀, ní 77.5 kHz, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé ju 0.24 mm lọ, àwọn ìyípo tó sún mọ́ra sì tún ń ti iná ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí èyí, ẹ lo wáyà Litz, tó jẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-rín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáníìṣì tirẹ̀, tí a sì lọ́ pọ̀ kí gbogbo wọn lè máa gba ìta àti inú ní ìdọ́gba.

Ẹ ká ìwé líle mọ́ ọ̀pá náà kí kọ́ílì má bàa fara kàn án, kí ó sì lè máa yọ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹ wé àádọ́ta ìyípo, kí ẹ fi í sí àárín ọ̀pá, kí ẹ sì wọn ìndọ́kítáńsì rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń tako ìyípadà iná tó, ní millihenry (mH). Pẹ̀lú kápásítọ̀ 2.2 nF (ohun tí ń tọ́jú iná díẹ̀, tí a so mọ́ kọ́ílì kí àwọn méjèèjì lè jọ gba 77.5 kHz), nǹkan bí 1.92 mH la nílò. Bí àádọ́ta bá fún yín ní 0.3 mH, ẹ ó nílò nǹkan bí 126, nítorí pé bí a bá sọ ìyípo di ìlọ́po méjì, millihenry yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìlà kan kò bá gbà wọ́n, ẹ pín wọn sí òkìtì kéékèèké tó jìnnà síra, dípò kí ẹ máa wé e lọ wé e bọ̀. Kápásítọ̀ oní-polypropylene tàbí polystyrene ni kí ẹ lò.

Ibi tí iṣẹ́ rere ti sábà máa ń bàjẹ́ ni orí wáyà. Ẹ má fi abẹ ha fáníìṣì náà, nítorí fọ́nrán yóò já. Bí fáníìṣì náà bá jẹ́ èyí tí ooru lè jó, ẹ ki orí wáyà bọ inú lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀, nígbà tó bá ti yọ́, títí gbogbo fọ́nrán yóò fi di funfun. Fọ́nrán tí kò bá gba lẹ́ẹ̀dì kì í gbé iná kankan fún wa, síbẹ̀ ó ń jẹ nínú agbára tí a gbà.

Níkẹyìn, ẹ rọra sún kọ́ílì láti àárín sí ìpẹ̀kun ọ̀pá: millihenry yóò dín kù, iye kHz tó ń gbà yóò sì ga sí i. Nígbà tó bá bọ́ sí 77.5 kHz, ẹ fi ìda mú un dúró, ẹ jẹ́ kí irin àti bátìrì jìnnà sí i, kí ẹ sì kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, kì í ṣe orí rẹ̀, sí Mainflingen.