Àwo ni, kì í ṣe awo: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń tẹ̀lé orin ojú-ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ra iṣu tán ní ọjà Ridley Road ní Dalston, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò ní rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé Ashwin Street, níbi tí Cafe OTO wà. Láti ọdún 2008 tí wọ́n ti ṣí i, orin tí rédíò kì í sábà gbé sáfẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lù níbẹ̀. Ẹ óò rí ẹni tó ń fọn sasofóònù tí kò fọn orin kankan tí ẹ mọ̀. Ẹ óò rí onígìtá tó tẹ́ gìtá sórí tábìlì, tó ń fi irin họ okùn rẹ̀, àti onílù tí ẹsẹ̀ kò lè bá ìlù rẹ̀ jó. Orin ojú-ẹsẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lù ú náà ni wọ́n ń dá a. Kò sí ìwé níwájú wọn, wọn kò sì jókòó rò ó tẹ́lẹ̀. Èmi àti iṣu mi ti jọ wọ ibẹ̀ rí. Mo tì í sábẹ́ àga, mo sì gbọ́ orin wákàtí méjì.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá wọn jókòó. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí èmi náà kò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má fi àwo bẹ̀rẹ̀

Bí èmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti kà nípa AMM, ẹgbẹ́ tí Keith Rowe, Lou Gare àti Eddie Prévost dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965, pé Rowe a máa tẹ́ gìtá rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, a sì máa ṣí rédíò sáàárín orin. Ara mi wà lọ́nà. Mo ra àwo wọn, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, ni ìyàwó mi bá yọjú láti yàrá pé ṣé fíríìjì ti tún bàjẹ́ ni. N kò dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fara dà á, mo pa á, àwo náà sì wà nínú páálí fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí Prévost lójúkorojú. Ó mú ọ̀pá bíi ti onígòjé, ó rọra ń fà á létí aro. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró díẹ̀ kó tó fà á. Mo rí i tó ń tẹ́tí sí ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun fi kún un tàbí kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá níta, ariwo rẹ̀ wọlé, ó jókòó sínú orin náà bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí mo délé tí mo tún gbé àwo ọjọ́sí sí i, orin mìíràn ni mo gbọ́. Ipasẹ̀ ẹran ni àwo. Ẹni tí kò rí ẹran náà rí, kòtò inú ẹrẹ̀ lásán ló ń wò.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lè bi mí pé níbo ni òun yóò ti rí wọn. Kí ó wá fídíò wọn lórí YouTube, kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí ọwọ́ wọn. Àwo lè tẹ̀lé e.

Ẹ má dúró de ìyáàlù

Èyí ni ti àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Bí a bá ti gbọ́ pé wọ́n ń dá orin lójú ẹsẹ̀, a ó ní, “Ṣebí ohun tí àwọn àyàn ń ṣe látayébáyé náà nìyẹn?” Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Nínú dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, gúdúgúdú àti àwọn yòókù ń di ilẹ̀ mú fún un. Àyàn lè yí i bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n oríkì ló ń yí, òwe ló ń fi ìlù pa, ẹni tó ń kì wà níwájú rẹ̀, owó sì wà lápò onítọ̀hún. Nínú orin tí mo ń wí yìí, kò sí ẹni tí wọ́n fi ṣe ìyáàlù. Kò sí ẹni tí wọ́n yàn pé kó di ilẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni ló sì lè dákẹ́ nígbà tó bá fẹ́. Ìlù náà kò pe orúkọ ẹnì kankan. Odindi ọdún kan ni mo fi jókòó tí mo ń retí kí ìyáàlù wọlé, tí mo ń fi etí wá ọ̀rọ̀ níbi tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ sí, tí mo sì ń padà sílé pẹ̀lú orí fífọ́.

Etí tí mo gbé wá láti ilé wúlò ṣá o. Ó ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìlù mẹ́rin pọ̀ láìda ọ̀kan nù, ó sì ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ oníjó ni àyàn ń wò. Àwọn wọ̀nyí náà ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó ń dá ẹnì kejì lóhùn, ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àti ẹni tó ń dí ẹlòmíràn lọ́nà, orí fífọ́ náà lọ.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí: pé orin òyìnbó ni, kí ló kan dúdú níbẹ̀. Joe Harriott, afọnsasofóònù ọmọ Jàmáíkà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1951, ti gba irú orin yìí sílẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú Shake Keane, ọmọ St Vincent, àti Coleridge Goode, ọmọ Jàmáíkà bíi tirẹ̀. AMM kò tíì sí nígbà náà. Ní Chicago, àwọn olórin dúdú dá ẹgbẹ́ AACM sílẹ̀ ní 1965, Muhal Richard Abrams sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Lester Bowie, ọ̀kan nínú wọn, wá sí Èkó ní 1977, ó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ Fẹlá, trumpet rẹ̀ sì wà nínú No Agreement, àwo Fẹlá. Ọdún yẹn náà ni Sun Ra, olórin dúdú ará Amẹ́ríkà, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí FESTAC. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń jó Fẹlá láti kékeré lè ti máa gbọ́ wọn láìmọ̀.

Tèmi tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Mo rí àwo kan tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ń jẹ́ Ogun. Mo ra á láìgbọ́ ọ, mo ní ará Ìrè kan ni yóò ṣe é. Àṣé Harry Miller, ọmọ Gúúsù Áfríkà tó ń ta béèsì, àti Hazel ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1970. Ibẹ̀ ni mo ti bá Blue Notes pàdé, ẹgbẹ́ tí dúdú àti funfun jọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kúrò ní Gúúsù Áfríkà ní 1964 nítorí ìjọba tí kò fẹ́ kí wọ́n jọ dúró sójú agbo kan. Mo ń bọ̀ lórí wọn.

Ẹ má fi owó mọ àwo

Àwo ni, kì í ṣe awo. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n mulẹ̀ ni: ẹ̀dà àkọ́kọ́ rèé, igba péré ni wọ́n tẹ̀, ọ̀gbẹ́ni báyìí ló ni èyí tó kù. Derek Bailey onígìtá, Evan Parker afọnsasofóònù àti Tony Oxley onílù dá Incus, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, sílẹ̀ ní 1970 kí olórin lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí iye tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ ṣe kéré, àìlówó lọ́wọ́ ló fà á, wọn kò fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwo tí wọ́n fi ṣí Incus, Topography of the Lungs, ọdún 36 kọjá kí Parker tó tún un gbé jáde ní 2006, orin inú rẹ̀ kò sì dín.

Mo san pọ́n-ùn 120 fún àwo mìíràn lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un tẹ̀, pọ́n-ùn 20. N kò bínú nítorí ọgọ́rùn-ún tó wọgbó. Ohun tó dùn mí ni pé kọ́bọ̀ kan nínú owó yẹn kò dé ọwọ́ àwọn tó lu orin náà, ọ̀kan nínú wọn sì ń ta àwo lórí tábìlì lẹ́yìn yàrá lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ gbọ́ ọ, mo kọjá lára rẹ̀ nítorí pé àwo tuntun ni.

Orí tábìlì yẹn ni kí ẹ ti rà. Ẹ mú owó bébà dání, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ káàdì. Bí ẹ kò bá lè lọ, Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í gbà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìdá 10 lórí àwo gidi. Yàtọ̀ sí owó ìfowóránṣẹ́, ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ má sì tìtorí àwo kan sọ pé ẹ ti mọ olórin kan. Bailey nìkan ní àwo tó kún pẹpẹ, alẹ́ kan nínú ayé rẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí a ṣe ń jókòó

Ẹ pa fóònù. Ẹ gbọ́ tèmi. Obìnrin kan ń ta háàpù ní alẹ́ kan, ó ti rọ̀ ọ́ wálẹ̀ débi pé èèyàn ń gbọ́ yìnyín nínú ife aládùúgbò. Ìyá mi pè láti Abẹ́òkúta. Fújì ló wà lórí fóònù mi. Ó bú jáde, mo ń wá a nínú àpò, kò jáde. Obìnrin náà kò wò mí. Ó kàn fi ìka méjì kan okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó bá ìlù náà mu gẹ́lẹ́, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ó ní àánú. Ẹlòmíràn ìbá ti dìde.

Ẹ má pẹ́ dé. Òde àríyá tiwa ni wọ́n ti ń pè aago méje tí àlejò ń dé aago mẹ́wàá. Níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ lè lu ìṣẹ́jú 25 péré, kó dìde, ó parí. Ẹ má ná olórin lówó níwájú, mo ti rí ẹni tó dán an wò. Ẹ má sì ká orin náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ.

Pípàtẹ́wọ́ ló le jù. Ìdákẹ́jẹ́ wà tó jẹ́ orin, ìdákẹ́jẹ́ sì wà tó jẹ́ òpin, èmi gan-an kò tíì mọ̀ wọ́n yà tán. Ẹni tó ń ta ọtí ni mo máa ń wò. Tó bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife, ó ti parí.

Ẹ má dúró de olórúkọ

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá ti Japan tàbí Jámánì dé nìkan ni ẹ óò rí wọn. John Russell àti Chris Burn bẹ̀rẹ̀ Mopomoso ní 1991, alẹ́ orin ojú-ẹsẹ̀ oṣooṣù. Prévost bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1999 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá dán an wò. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórúkọ ọ̀la ti ń jáde. Mo ti wà níbi tí àwa olùgbọ́ jẹ́ méje, tí olórin jẹ́ mẹ́jọ. Apá kìíní burú jáì. Apá kejì, n kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á sílẹ̀.

Ẹ má fi dáná

Mo ní mo ń bọ̀ lórí Blue Notes. Mo gbé àwo wọn kan sí i ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ro ẹ̀fọ́. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan máa dún nínú ilé ni. Ohùn ènìyàn ń wọlé, ó ń jáde, ìlù ń sáré, ìwo ń ké. Mo ń jó díẹ̀díẹ̀ nídìí ààrò. Nígbà tó yá mo fi ọwọ́ kan gbé páálí rẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Mongezi Feza, tó ń fọn trumpet fún wọn, kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1975, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀ tán, ní ọjọ́ 23 oṣù náà, àwọn mẹ́rin tó kù, Dudu Pukwana, Chris McGregor, Johnny Dyani àti Louis Moholo, wọ yàrá kan lọ tààrà. Wọn kò bá ara wọn sọ ohun tí wọ́n máa lù. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀.

Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná níbẹ̀, mo dá abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi dé, ẹ̀fọ́ ti tutù.